Sàráà Tí Wọ́n Ṣe fún Ẹni Tó Ń Lọ Gun Ìgbì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ọmọ bíbí Bẹyẹrúnkà, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ju òkò láti ojúlé wa, àárín Ọjà'ba ló máa bọ́ sí. Èmi tí omi tó pọ̀ jù tí mo rí ní kékeré kò ju odò Ògùnpa lọ nígbà òjò. Èmi ni mo jókòó tí mò ń ṣètò bí mo ṣe máa lọ gun ìgbì òkun ní Gánà. Lórí pátákó. Ní ìdúró. Ogójì ọdún ń wò mí lójú kòró, n kò tíì gbéyàwó, yàrá tí mo ti ń tọ̀ sórí ẹní ní kékeré náà ni mo ṣì ń sùn. Ẹ ò rí nǹkan!

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí oríta Bẹẹrẹ, àwọn télọ̀ tó yí mi ká ló sì ń bọ́ mi. Àmọ́ kí n tó padà wálé, Èkó ni mo wà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, èmi ni mò ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wọn. Obìnrin kan wà tó ń gé aṣọ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni títí dòní. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló mú mi lọ sí etí òkun ní ọjọ́ Àìkú kan. Pátákó kan wà lábẹ́ apá ọ̀rẹ́ mi yìí tó gùn ju òun alára lọ, tó ṣe ṣóńṣó níwájú. Ó gbé e sórí omi, ó dojú bolẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa omi lọ. Nígbà tí ìgbì kan gbérí lẹ́yìn rẹ̀, ó fò dìde, ó dúró ṣánṣán lórí pátákó náà, ìgbì sì gbé e títí ó fi dé ibi tí mo dúró sí. Sọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pè é. Ẹnu mi ò lè padé.

Mo kọ́ ọ. Omi iyọ̀ tí mo mu kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe tó fi se ọbẹ̀ ìnáwó. Imú mi bó, àyà mi bó, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń padà lọ. Ọjọ́ tí ìgbì kọ́kọ́ gbé mi láìdà mí nù, mo pariwo "Allahu Akbar!" débi pé àwọn tó ń jẹ ẹja yíyan létí omi dìde dúró. N kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n fi wé. Inú mi dùn ni. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sínú iyanrìn, mo sunkún. Kò sí nǹkan kan láyé mi tó tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí, ṣáájú ọjọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Mo ní kí n wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi kí n tó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìsinmi díẹ̀ ọ̀hún ló di ọdún lórí ọdún. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ìyá mi ní ìsọ̀ kan ní Òjé níbi tó ti ń ta òfì, èmi nìkan ló sì bí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí tirẹ̀ ni n kò ṣe lọ mọ́. Ta ni yóò bá a pọnmi? Ta ni yóò bá a pe káfíńtà tí òjò bá ń jò ó? Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílé, ìdáhùn wà lẹ́nu mi gbágbágbá: mò ń tọ́jú ìyá mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi pè mí.

"Ṣé o ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì?"

"Kí ló dé?"

"Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Gánà. Ìwọ náà máa bá wa lọ. Ìwọ lo sì máa ṣètò ẹ̀, torí ìwọ lo ní sùúrù jù nínú wa."

Sùúrù kẹ̀! Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Bẹẹrẹ mọ̀ pé n kò ní sùúrù rárá. Télọ̀ tó bá fi òróró ìdáná sínú ẹ̀rọ tó wá gbé e tọ̀ mí wá, ariwo mi ló máa kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbì yìí, mo ní sùúrù fún un. Láàárín oníbàárà kan sí òmíràn, mo máa ń gbé fóònù, mò ń kà nípa òkun. Mo wá mọ̀ pé ìgbì kì í ṣe oríṣi kan. Ní abúlé apẹja tí a fojú sí, ní apá ìwọ̀-oòrùn Gánà, oríṣi mẹ́ta ló wà tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ọ̀kan wà níbi tí òkun ti tẹ̀ wọnú ilẹ̀, iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgbì ibẹ̀ kì í kánjú, òun ló yẹ ẹni tó ti gbàgbé iṣẹ́ bíi tèmi. Èkejì wà lẹ́yìn àpáta, ó gùn, ó ń tú láti ọ̀tún sí òsì bí ìgbà tí ìyá mi bá ń tú ìdì òfì fún oníbàárà. Ẹ̀kẹta wà ní ẹnu odò, kúkúrú ni, ó sì rorò. Ìyẹn ni ọkọ ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́, torí agídí rẹ̀ pọ̀.

Omi ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní gbogbo ọdún, ẹnikẹ́ni kò nílò aṣọ rọ́bà táwọn òyìnbó máa ń wọ̀ nítorí òtútù. Lásìkò òjò, ìgbì ibẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń mọ níwọ̀n, á sì máa tò bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo ní ìparí ọyẹ́ ni ká lọ. Mo wá ilé tí a máa wọ̀ sí, mo wá ọkọ̀ tó máa gba pátákó sórí láti Èkó, tó máa gba Kútọnu àti Lómé kọjá. Mo gba páṣípọ́ọ̀tù, mo lọ gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń béèrè káàdì rẹ̀ ní bọ́dà. Inú mi ń dùn, mò ń jí kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ná, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú agboolé ti ń mú ọmọ lọ sí yunifásítì. Òrùlé ìyá mi ń jò. Kí n wá dúró láàárín àgbàlá kí n ní, "Ẹ̀yin ará ilé, mò ń lọ fi pátákó ṣeré lórí omi"? Ikú yá ju ẹ̀sín. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara pamọ́. Bí ọ̀rẹ́ mi bá pè, mo máa gun òkè Mápó lọ kí n tó gbé e. Mò ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní apá Mọ́lété tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, kí èémí mi lè padà bọ̀ sípò, èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò péńpé tí mo fi ń wẹ̀, abẹ́ ìró ìyá mi ni mo máa ń sá a sí lórí okùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nínú yàrá, mo máa ń dojú bolẹ̀ lórí ẹní, màá sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí pátákó nìyẹn. Ẹni tó bá falẹ̀, omi ló máa gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa agboolé wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹni tó bá ń lọ sí òkè òkun nílé wa kì í sọ. Ayé le. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tó bá pè láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ítálì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò tó mọ̀ pé kò sí ní yàrá rẹ̀ mọ́. Àwọn tó bá sì fura, wọn kì í béèrè. Ìwà ọmọlúàbí ni kí wọ́n má béèrè, kí ẹnu má baà ko bá onírìn-àjò. Tó bá ń palẹ̀ mọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Tó bá purọ́ pé Ìlọrin lòun ń lọ, wọ́n á ní kó bá àwọn kí ará Ìlọrin. Mọ́gàjí nìkan, tó jẹ́ olórí agboolé, ni wọ́n máa ń ta lólobó, kó lè ṣe àdúrà. Mo mọ àṣà yìí bí mo ṣe mọ ojúlé wa. Orí mi ò kàn sọ fún mi pé ẹni tó ń fi ara pamọ́ nítorí ìtìjú àti ẹni tó ń fi ara pamọ́ nítorí ayé, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tó ń wò wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ti ọjà dé láìròtẹ́lẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá mi lórí ẹní níbi tí mo ti ń fò dìde.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń na ara ni, Màámi."

Ó wò mí títí. Mo ní kí n tètè sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kó má lọ rò pé orí mi ti dàrú. "Mo fẹ́ rin ìrìn-àjò kan, Màámi. Apá etí òkun ni. Màá gba Kútọnu kọjá, tí mo bá dé ọ̀hún..."

"Ó tó!" Ó fi ìka lé ètè. Ó yíjú padà, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún lọ ti fèrèsé. "Ṣé ẹlòmíì ti gbọ́?"

"Rárá o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má sọ ọ́ fún mi tán. Èyí tí mo gbọ́ yẹn tó mi."

Ẹ wo òmùgọ̀ ẹ̀dá. Mo rò pé ojú ló ń tì í nítorí mi. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé eré ni mo fẹ́ lọ ṣe, pé ó ń bá mi bo ìtìjú mọ́lẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. Ojú tì mí, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo ní ó ń bá mi tọrọ ìdáríjì ni, ó sì dùn mí pé eré tèmi ló ń fi ebi pa ìyá arúgbó.

Ìyàwó ilé kan ló là mí lójú. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, mo ti dàgbà kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà "ọkọ mi" ló ń pè mí. Ó yọjú sí mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ru àpò èlùbọ́ kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, mi ò bi yín ní nǹkan kan o. Mi ò rí yín, ẹ̀yin náà ò rí mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èlùbọ́ díẹ̀ ni, pẹ̀lú ata gbígbẹ. Àbúrò mi wà ní Ítálì. Ó ní èlùbọ́ tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún dà bí eérú lẹ́nu òun. Tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, ẹ bá mi pè é kó wá gbà á."

"Ìyàwó wa, ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ sí Ítálì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. "Èmi? Èmi ò dárúkọ ìlú kankan o!" Ó ṣẹ́jú sí mi, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó ti àpò èlùbọ́. Gbogbo rẹ̀ wá ń tò lọ́kàn mi. Òkun. Kútọnu. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní Mọ́lété. Ṣòkòtò péńpé tí ẹnìkan ti bá mi ká lórí okùn, tó sì gbé e sórí ibùsùn mi láìsọ nǹkan kan. Fífò tí mò ń fò lórí ẹní. Wọ́n ti rò pé mo fẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Wọ́n rò pé mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sínú ọkọ̀. Ìyá mi ń gba ààwẹ̀ nítorí pé ó rò pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí fẹ́ lọ kojú òkun. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ata, ẹ̀gúsí, ìrù gbígbẹ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ ti kún abẹ́ ibùsùn mi. Ẹni tó bá gbé e wá kì í dárúkọ ibi tí ẹrù náà ń lọ. Wọ́n á kàn sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́hùn-ún," wọ́n á sì lọ.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò sáré lọ sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe yí padà sí mi ná. Àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ gun òrùlé ni wọ́n máa ń rántí mi, kí n wá bá wọn di àkàbà mú, ń pè mí ní "ọ̀gá." Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń bi mí lójú gbogbo ayé pé, "Ìgbà wo lo máa ṣe bí ọkùnrin?" wá ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ra góòrò fún mi. Ìyá mi ń rìn nínú àgbàlá, gèlè rẹ̀ ga sókè. Ní Òjé, òun ló máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ di fóònù mú kí wọ́n lè rí ojú ọmọ wọn tó wà ní Kánádà. Ní báyìí, bó bá ń di fóònù mú fún wọn, ẹ̀rín á máa yọ lójú rẹ̀. Láàárọ̀, bó bá ń gbálẹ̀, ó ń kọrin wákà. Mo ní akọni ni ìyá mi, pé orin ló fi ń pa ẹkún mọ́ra. Ọkàn mi ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún mi sì ń dùn mọ́ mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ń dùn mọ́ mi.

Mo gun òkè Mápó, mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Sọ fún wọn jàre! Eré lo fẹ́ lọ ṣe. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni eré?"

Mo gbaná jẹ. "Ìwọ tó ní ọkọ, tó ní ilé, tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹ bó o bá ń jáde, ìwọ lo lè sọ bẹ́ẹ̀. Eré tìẹ àti eré ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni?" Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀ mí o. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, inú ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Nígbà tó ṣe, mo pè é padà, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan, ó tún rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá sọ fún ìyá mi kí n tó lọ. Àwọn ará ilé lè máa pè mí ní ọmọ kékeré títí tí wọ́n fi máa sin mí, mo ti gbà. Ti ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù. N kò fẹ́ kó fojú eléré wò mí. Àmọ́ ohun kan wà tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀: bó ti wù kí ojú tì mí tó, inú rẹ̀ á dùn pé n kò ní fi òun sílẹ̀. Mo di ìyẹn mú gírígírí.

Kí n tó rí àyè sọ ọ́, wọ́n ti ṣe sàráà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọ̀la rẹ̀ ni mo máa wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá àwọn ìyàwó ilé tó ń din àkàrà nínú àgbàlá, àwọn ọmọdé ti tò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mọ́gàjí wa ti wọ agbádá tí kì í wọ̀ bí kò bá ṣe ọjọ́ Iléyá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tí à ń ṣe o," Mọ́gàjí sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. "A kàn ní ká fún àwọn ọmọdé ní àkàrà ni."

"Kò sí nǹkan kan," gbogbo ilé dáhùn.

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ṣe àdúrà pé ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ń tọ̀, kí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ó ní kí omi má mọ̀ mí sí ẹran jíjẹ. Ó ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, pé kí n ṣe sùúrù, kí n jẹ́ kí àwọn tó mọ̀nà ṣáájú. Wọ́n ń ṣe àmín. Ìyàwó tó gbé èlùbọ́ wá ń nu ojú. Ọwọ́ arúgbó náà wúwo lórí mi, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ohun tí gbogbo wọn ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju pé kí n má ṣubú lórí pátákó lọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo gbórí sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan..."

"Má sọ nǹkan kan!" Ó fi ọwọ́ tẹ orí mi padà. "Ẹ wá wo ọmọ yìí o! Ó ti ń ṣe é bí ọlọ́gbọ́n láti ọjọ́ yìí wá, òní ló wá fẹ́ bà á jẹ́. Panu ẹ mọ́, jẹ àkàrà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹnìkan fi àkàrà gbígbóná sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó mú òfì kan jáde nínú rẹ̀, sányán gidi, irú èyí tí kì í gbé lọ sí ìsọ̀ rárá.

"Èyí ni bàbá ẹ fi gbé mi níyàwó. Fún ìyàwó tó o bá fẹ́ lọ́hùn-ún. Kódà bó ṣe òyìnbó, kó ró o lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

"Màámi..."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá pè ọ́ pé mo ti kú, má sáré wálé o. Àwọn tó sáré wálé tí ìwé wọn kò tíì pé, wọn ò rí ọ̀nà padà. Àwọn ará ilé á sin mí. Níbi tó o bá wà, ṣe àdúrà fún mi, Ọlọ́run á gbọ́."

Kò sunkún. Èmi ni mò ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Mi ò lọ sí òkè òkun."

Ó gbé òfì náà sórí ibùsùn.

"Gánà ni mò ń lọ. Etí òkun Gánà. Eré kan ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ékòó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. A fẹ́ lọ gun ìgbì ni."

"Ẹ fẹ́ lọ ṣe kí ni?"

Mo yọ fóònù, mo fi fídíò kan hàn án, ti ọkùnrin kan lórí pátákó, tí ìgbì gíga ń ya lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó wò ó tán pátápátá.

"Ta ló ń lé e?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Màámi."

"Kí ló wá dé tó ń sáré báyẹn?"

"Eré ni."

"Eré," ló wí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì pariwo. "Ìwọ náà lè ṣe èyí?"

"Mo lè ṣe é díẹ̀."

"Tó o bá wá ṣe é tán ńkọ́?"

Ibi tí mo ti ń dúró dè é nìyẹn. Mo dìde jókòó, mo nu ojú mi, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. "Màá padà wálé ni, Màámi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Mi ò fi yín sílẹ̀ o. Kò síbi tí mò ń lọ."

Mò ń retí kó ní Alhamdulilahi. Mò ń retí kó dì mọ́ mi, tàbí kó tilẹ̀ gbá mi létí. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó wo òkè àjà, ó wo ẹnu ọ̀nà tó lọ sí yàrá tèmi.

"Síbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó gbé òfì náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, igun sí igun, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Nígbà tó ká a tán, ó tún un tú, ó tún un ká. Kò wò mí lójú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bó ṣe máa ń rọlẹ̀ tó bá ń bẹ oníbàárà tó ti fẹ́ máa lọ.

"Gánà ọ̀hún náà," ó ní, "ṣé kò sí bó o ṣe lè dúró síbẹ̀ ni?"